Irọ́ Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Làmídì Pa

Lọ́jọ́ kẹjọ tí bàbá mi àgbà kú, Alájì Bùsàrí dìde láàárín èrò tó wá síbi àdúà fìdáù, ó gbé etí agbádá lé èjìká, ó ní: "Làmídì, sùn re o. Ọwọ́ tìẹ kì í tàsé. Ta ló mọ bíréèkì kẹ̀kẹ́ í dè bíi tìẹ ní gbogbo Òkè-Ògùn?"

Wọ́n ní àmín. Ẹran tí mo fi ọwọ́ ara mi sè ló wà lẹ́nu wọn tí wọ́n fi ń ṣe àmín. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo di ṣíbí ìsebẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ fi lu èèyàn, nítorí Alájì Bùsàrí yìí kan náà ló dúró níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́dún mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ yẹn, tó wí pé: "Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ bá Làmídì mọ́ o. Apànìyàn ni."

Mo ti darúgbó. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà, nítorí náà kí ẹni tó bá rí àṣìṣe níbí fi orí jì mí. Ṣùgbọ́n bí ìwé mi bá kéré, iyè mi kò kéré. Mo rántí gbogbo wọn lórúkọ. Orúkọ tèmi ni Ràfátù. Bàbá mi àgbà nìkan ló ń fi oríkì pè mí, Àbẹ̀kẹ́. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún tó ti kú. Mi ò lè kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí láti ìgbà náà wá, nítorí obìnrin kan wà láàyè tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Obìnrin náà kú lóṣù tó kọjá. Ẹnu mi ti gbòmìnira, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀.

Ṣakí la wà. Àtíbàbà bàbá mi àgbà wà lẹ́bàá títì, lábẹ́ igi ẹmì kan, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá kékeré tí à ń gbà lọ sí yídì. Nígbà tí ilé ọkọ kò rọ̀ mí lọ́rùn mọ́, mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo gbé agolo epo òyìnbó mi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà náà, mo ń tà. Mo ti lé ní ogún ọdún nígbà náà, mo ti bímọ kan. Ẹ má rò pé ohun tí ọmọdé fojú fírí rí ni mò ń sọ.

Kò sí ohun tí Bàbá kì í tún ṣe lára kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bíréèkì ni ìfẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ de bíréèkì, yóò kọ́kọ́ yí táyà, yóò tẹ́ etí ọ̀tún sí i, nítorí etí òsì ti di. Tí ríìmù bá ń mì, kò ní fọwọ́ kan bíréèkì rárá, àfi tó bá fa sípóòkù títí ríìmù fi ń yí gẹ́rẹ́ bí òrùka. Ìgbà náà ni yóò wá gbé rọ́bà méjèèjì sí i, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Rọ́bà kò gbọdọ̀ yà síta jù, kó má yọ kúrò lábẹ́ ríìmù. Kò sì gbọdọ̀ sún wọlé jù, kó má lọ há sí sípóòkù. Yóò ya páálí ìṣáná, yóò ki í sí ẹ̀yìn rọ́bà kó tó dè é, kí orí rọ́bà lè kọ́kọ́ kan ríìmù kí ìdí rẹ̀ tó dé. Ó ní bíréèkì tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú hóró ẹ̀gúsí kan tí a kò tíì bó jáde nínú àpò, yóò fi sáàárín rọ́bà àti ríìmù. Tí ẹ̀gúsí bá já bọ́, àyè ti pọ̀ jù. Tí èèpo rẹ̀ bá fọ́, ó ti há jù. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ọkùnrin tó jókòó sáàárín ìyàwó méjì tí kò jà.

Tó bá parí, kò ní jẹ́ kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ. Ó ní òkúta kan tó kùn ní ẹfun, tó rì mọ́lẹ̀ ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ẹ óò gun kẹ̀kẹ́ láti ẹnu àtíbàbà, ẹ óò jẹ́ kó máa já bọ̀, tí ẹ bá dé ọ̀gangan òkúta, ẹ óò fọwọ́ fún bíréèkì. Bí táyà iwájú bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá òkúta, ẹ óò padà wá sókè.

Tísà Dáníẹ̀lì ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tó wà ní òpin ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá òkúta lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó fi sókòtò funfun dúró sínú eruku, ó ń wo aago ọwọ́.

"Bàbá, agogo ti lù o. Àwọn ọmọ ti tò sórí ìlà."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò."

"Ọ̀gá àgbà á kọ orúkọ mi sínú ìwé apẹ́lẹ́yìn."

Bàbá kò gbójú sókè. Ó ń fi ẹ̀gúsí wọn àyè. Ó ní: "Tísà, ó sàn kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé apẹ́lẹ́yìn ju kí wọ́n kọ ọ́ sára òkúta lọ."

Kò rọrùn láti bá a gbé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni mímọ́ ni mò ń ròyìn. Bí ó bá ń tẹ́tí sí ríìmù, tí ẹ kí i, kò ní dá yín lóhùn. Ọba ì báà kí i. Ó máa ń ju sípánà. Ìyá mi àgbà, Sínótù, ní àpá kan lẹ́sẹ̀ tí sípánà fi sílẹ̀ nígbà tó gbé oúnjẹ wá láìpariwo. Nígbà tí wọ́n bá ń jà, màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní: "Gbogbo kẹ̀kẹ́ Ṣakí lẹ mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ẹ béèrè ibi tó ń dun èmi rí?"

Ìjà tó gbóná jù ni èyí tí Bàbá máa ń bá Jímọ̀ jà. Jímọ̀ ń ko iṣu láti oko ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù wá sọ́jà. Á di iṣu mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ títí kẹ̀kẹ́ á fi ga ju òun gan-an lọ. Bíi tàwọn àgbẹ̀ púpọ̀, ó ti yọ bíréèkì iwájú dànù, nítorí wọ́n gbà pé ó ń dá ẹrù dúró. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á na ẹsẹ̀, á fi bàtà rọ́bà tẹ táyà.

"Jímọ̀, ta ló yọ bíréèkì yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ó ń jẹ ríìmù mi."

"Ó ń jẹ ríìmù. Kí lo fẹ́ kó máa jẹ? Iyán?"

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Jímọ̀, ó ní: "Bàbá, ẹsẹ̀ mi ni bíréèkì mi. Ẹsẹ̀ ò ní nọ́ọ̀tì tó ń tú."

Bàbá di kẹ̀kẹ́ náà mú. Ó ní òun kò ní tú u sílẹ̀ àfi tí òun bá de bíréèkì sí i. Jímọ̀ fà á, Bàbá fà á, iṣu ń já bọ́, àwọn ewúrẹ́ ń sáré bọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ títí ìrun Àsárì. Nígbẹ̀yìn, Jímọ̀ jókòó sílẹ̀, ó ní kó máa dè é. Bí Bàbá ṣe ń dè é, tó ń làágùn, ó ní: "Ẹsẹ̀ tó ń ṣe bíréèkì lónìí, ọ̀pá ló máa fi rìn lọ́la."

Ẹ fi orúkọ Jímọ̀ yìí sọ́kàn. Mo máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè é ní apànìyàn ni kí n sọ wàyí.

Ìyá Múráínà jẹ́ ọmọ Ìràwọ̀ tó lọ́kọ sí Ṣakí. Òrí ló ń ṣe, òun ló sì ń tà á. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Múráínà. Alájì Bùsàrí jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Múráínà yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, Alájì ra kẹ̀kẹ́ kan fún un láti Ìbàdàn. Inú páálí ló wà nígbà tó dé, wọn kò tíì tò ó. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì fúyẹ́ débi pé mo fi ọwọ́ kan gbé e.

Bàbá fi ọjọ́ méjì tò ó. Ó kọ́kọ́ pè mí kí n wá wò ó.

"Àbẹ̀kẹ́, wo kẹ̀kẹ́ Tísà. Irin ló ń fa rọ́bà sókè, tó fi ń gbá ríìmù mú níkùn, lápá inú, níbi tí ojú kì í tó. Wáá wo eléyìí. Wáyà ló ń fún apá méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti ń gbá ríìmù mú, níbi tó ń dán yìí."

"Èwo ló dáa jù?"

"Eléyìí yára. Ṣùgbọ́n wáyà tuntun, òpùrọ́ ni. Tí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, á ní òun ti le. Irọ́ ni. Fà á, dè é, fún un pa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Á dẹ̀. Tún un fà. Lẹ́ẹ̀kẹta ló máa ń jẹ́wọ́."

Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á. Mo fi ojú mi rí i, mo fi ẹnu mi kà á, mo sì lè fi Àlùkùránì búra.

Nígbà tí Múráínà wá gbé e ní ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró lójú kan. Ọmọ náà dára. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, èmi tí mo kàn fi ọdún márùn-ún péré jù ú lọ.

"Bàbá, ṣé á sáré?"

"Sísáré kọ́ niṣẹ́ mi. Dídúró niṣẹ́ mi."

Ó gùn ún lọ sí ọ̀gangan òkúta. Kẹ̀kẹ́ dúró, ó kù díẹ̀ kó kan òkúta. Bàbá ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó tún dúró. Bàbá wá di etí rẹ̀ mú bí ìgbà tí èèyàn ń di etí ọmọ mú, ó ní: "Gbọ́ o. Epo kankan kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ríìmù yìí. Ì báà ṣe epo òyìnbó, ì báà ṣe àdí, ì báà ṣe òrí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ni kò gbọ́.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ń ṣọdún bí èèyàn ṣe ń ṣọdún. Láàárọ̀ Iléyá, bí àwọn ìyá bá ti wẹ àwọn ọmọ tán, tí wọ́n fi òrí pa wọ́n lára, wọ́n á tún fọ kẹ̀kẹ́ ilé, wọ́n á fi òrí pa irin rẹ̀ láti orí dé ìdí, ríìmù pẹ̀lú, kí ó lè máa kọ mànà nígbà tí ọkùnrin ilé bá gùn ún lọ sí yídì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ríìmù ni wọ́n ń pa, inú ikùn sì ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ti ń gbá a mú. Ìyá Múráínà kò ṣe ju ohun tí gbogbo obìnrin ń ṣe. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà nínú balùwẹ̀, ó mú òrí tó dára jù nínú igbá rẹ̀, ó fi pa kẹ̀kẹ́ tuntun náà, ó sì fi èyí tó kù pa ríìmù.

Èmi wà lẹ́nu àtíbàbà nígbà tí Múráínà kọjá. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń lu agogo kẹ̀kẹ́, ó ju ọwọ́ sí wa. Bàbá ń wọ bàtà láti lọ sí yídì. Múráínà kọjá òkúta. Mo rí i tó fún bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ kò dúró, kò tilẹ̀ rọra. Àwọn èèyàn kún ọ̀nà nísàlẹ̀, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ń kí kábárà ọdún lọ sí yídì. Ó kígbe pé kí wọ́n yà. Nígbà tí wọn kò tètè yà, ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì lọ fi orí sọ ògiri afárá. Wọn kò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi kú. A sin ín kí wọ́n tó dúńbú àgbò ọ̀pọ̀ ilé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ilé Alájì Bùsàrí gbé kẹ̀kẹ́ náà wá, wọ́n jù ú sílẹ̀ níwájú àtíbàbà. Wọ́n ní Alájì ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí Làmídì wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

Bàbá lósòó ti kẹ̀kẹ́ náà. Ríìmù iwájú ti ká wọlé, ṣùgbọ́n tẹ̀yìn dá ṣáká. Ó fi ẹ̀gúsí wọn àyè. Ẹ̀gúsí dúró. Ó wo nọ́ọ̀tì wáyà. Ó le. Ó wá fi àtàǹpàkò fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ríìmù, ó gbé e sí imú, ó tọ́ ọ lá.

Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Mo fò sókè. "Òrí ni! Alihamudulilai, Ọlọ́run ti yọ yín, Bàbá! Ìyá Múráínà ló fi pa kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ pe Alájì kó wá fọwọ́ kàn án."

"Jókòó."

"Bàbá, wọ́n ti ń pè yín ní apànìyàn!"

"Mo ní kí o jókòó, Àbẹ̀kẹ́. Bu omi wá. Mú ọṣẹ dúdú wá, kí o bu yanrìn sí i."

Ohun tó fẹ́ ṣe yé mi. Mo ní mi ò bù ú. Ó dìde, ó bu omi fúnra rẹ̀. Ó da yanrìn àti ọṣẹ sórí èkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ríìmù náà, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo fà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́, òun tí kò lù mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó ní: "Ọmọ kan lobìnrin yìí bí. Ó ti sin ín láàárọ̀ yìí. Ṣé kó tún wá mọ̀ pé ọwọ́ òun ni?"

"Ṣé ọwọ́ yín wá ni?"

"Mo sọ fún ọmọ, mi ò sọ fún ìyá. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ló ń fi òrí pa kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ ọdún? Mo mọ̀ pé eléyìí yàtọ̀. Àwọn kò mọ̀. Iṣẹ́ mi kò tíì parí tí mo fi ní kó máa gbé e lọ."

Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀. Kò tán. Nígbà tí ríìmù gbẹ, ó fún bíréèkì ẹ̀yìn, ó sì gbá ríìmù mú ṣinṣin, bí ó ṣe yẹ. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà, ó sì tú nọ́ọ̀tì wáyà. Bàbá mi, tí kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá òkúta, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú wáyà tó ti fà lẹ́ẹ̀mẹta. Rọ́bà méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbàgà. Ẹ̀gúsí já bọ́ sínú eruku.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní: "Kí lẹ ń ṣe yìí?"

Ó ní: "Bí wọn kò bá rí ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n á máa wá a kiri títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá ọmọ náà."

Wọ́n dé. Alájì Bùsàrí ló ṣíwájú, àwọn àgbà méjì tẹ̀ lé e, Tísà Dáníẹ̀lì náà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kìrìsìtẹ́nì ni, nítorí ó mọ iṣẹ́ Bàbá. Alájì fún ọwọ́ bíréèkì. Ó dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmú arúgbó.

"Ẹ rí i? Ẹ wá wò ó!"

Tísà Dáníẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo wáyà, ó wo ojú Bàbá. Ó ní: "Bàbá, mi ò gbà. Ẹ̀yin kì í fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ báyìí. Ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan tó ń yọ̀ ló wà lára ríìmù?"

"Ríìmù gbẹ."

"Ẹ búra," Alájì wí.

"Wàláì, ríìmù gbẹ. Wáyà tuntun ni. Ó yẹ kí n fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fà á, nítorí ọdún ti dé."

Mo la ẹnu. Ó wò mí. Mo pa ẹnu dé. Mo ti ń bínú sí ara mi nítorí ìpanudé yẹn láti ọjọ́ náà wá.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọdún parí, ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kì í sì í ṣe oṣù ààwẹ̀. Màmá Sínótù rò pé àìsàn ni. Èmi mọ̀ pé gbèsè ìbúra èké rẹ̀ ló ń fi ààwẹ̀ náà san.

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn: Súlè oníṣu, Gàníyù tẹ́lọ̀, Tìjání apẹran, Ráṣídì àti àbúrò rẹ̀ Kàrímù. Gbogbo wọn ni Bàbá ti fi òkúta ẹfun náà gba ẹ̀mí wọn là rí. Wọ́n ń kọjá níwájú àtíbàbà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbùdókọ̀, àwọn tó ń fi okùn rọ́bà so bíréèkì. Àwọn méjì péré ló dúró. Ọ̀kan ni Tísà Dáníẹ̀lì. Èkejì ni Jímọ̀, tó ti fa kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ó bàjẹ́ bóyá kò bàjẹ́. Ó ní: "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Mo gbọ́ tó ń ké." Kò ké. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ pé kò ké.

Ìyá Múráínà ńkọ́? Lójoojúmọ́ tó bá gbé igbá òrí lọ sọ́jà, á dúró níwájú àtíbàbà, á ní: "Làmídì, bí o ṣe sọ mí di àgàn lọ́sàn-án gangan, Ọlọ́run á ṣe é fún ìwọ náà." Bàbá á gbójú sókè, òun tí kì í dá ẹni tó bá kí i lóhùn nídìí iṣẹ́, á ní: "Ẹ kú ọjà o, Ìyá Múráínà. Ọlọ́run á jẹ́ kó tà." Ọdún mẹ́sàn-án. Òun ń ṣépè, Bàbá ń ṣàdúà fún un. Bí mo bá sì ní kí n fèsì, á gbé sípánà sókè.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òrí. Ọwọ́ Bàbá máa ń là lọ́yẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa yọ níbi àpá irin. Á ní: "Àbẹ̀kẹ́, lọ bá mi ra òrí. Ti Ìyá Múráínà ni kí o rà. Má sọ pé èmi ni." Àwọn mẹ́ta mìíràn ń ta òrí lọ́jà yẹn! Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fi ìbínú ju òrí náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó mú un, ó ń fi pa ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì. Ó ní: "Ta ni yóò máa rà á, nígbà tí kò ní ọmọ tí yóò bọ́ ọ?"

Ó kú sórí àpótí tó máa ń jókòó lé nídìí iṣẹ́. Ẹ̀gúsí mẹ́rin la bá nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni Alájì Bùsàrí wá sọ ọ̀rọ̀ dídùn tí mo kọ lókè yẹn. Ìyá Múráínà wá síbi àdúà náà. Kò wọlé. Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi ẹmì, ojú rẹ̀ wà lára òkúta ẹfun. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Nígbà tó darúgbó, ó padà sí Ìràwọ̀, sínú ilé bàbá rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo wọ mọ́tò lọ, tèmi ti orúnkún tó ń ro mí. Mo bá a lórí ẹní, ara rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jáde.

"Àbẹ̀kẹ́." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, mò ń gbọ́ yín."

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fi òrí pa kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Mo pa ríìmù rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé kẹ̀kẹ́ oníwáyà kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi. "Ṣé bàbá rẹ rí òrí náà?"

Mi ò lè sọ bí inú ṣe bí mi tó. Mo ń bi í nínú ọkàn mi: Nígbà wo lo ti mọ̀? Èpè mélòó lo ṣẹ́ lẹ́yìn tí o ti mọ̀? Ọjọ́ tí o jókòó sórí gbòǹgbò, ṣé o ti mọ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé kiri fún ogójì ọdún ó lé wà lórí ahọ́n mi, mo kàn fẹ́ pọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni: ó rí i, ó fọ̀ ọ́, ó tú wáyà rẹ̀ nítorí rẹ, ẹ sì pè é ní apànìyàn títí ó fi kú.

Ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi kiri lórí ẹní. Mo fún un. Ọwọ́ náà ṣì ń run òrí.

Mo ní: "Ríìmù gbẹ, Ìyá. Níṣojú mi ni Bàbá wò ó. Wáyà ló tú."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní "Alihamudulilai," ó sì ní kí n jẹ́ kí òun sùn. Ọjọ́ kejì ló kú. Kò sí ọmọ, kò sí ọmọ-ọmọ tí òótọ́ yìí lè pa lára mọ́, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́: Làmídì, oníbíréèkì, ará Ṣakí, fa wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí Súlè, Gàníyù, Tìjání, Ráṣídì àti Kàrímù gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà. Kí àwọn ọmọ Alájì Bùsàrí kà á fún òun tìkára rẹ̀.

Nígbà tí mo ti Ìràwọ̀ dé, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún irọ́ tèmi. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi omi tútù ṣínu, mo kọjú sí ibi tí a sin Bàbá sí, mo ní: "Bàbá, inú ṣì ń bí mi sí yín o."